Iṣu Inú Ebè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ìjọ tàbí ti mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi dé ìparí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Iṣu ni ìyá mi ń tà ní Ṣakí. Kì í ṣe iṣu tí wọ́n ti wà jáde, tí wọ́n ti tò sí ìsọ̀, ni ó máa ń rà. Inú oko ni ó ti ń bá àwọn àgbẹ̀ dúnàádúrà, nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè. Ewé ni ènìyàn yóò rí, kò ní rí iṣu. Ewé lè tutù minimini kí iṣu ìdí rẹ̀ má ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ewé sì lè máa pọ́n kí iṣu ńlá wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á nínú ebè yóò rà á ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n bí ó bá wà á tí kò bá nǹkan kan, kò sí ẹni tí yóò dá owó rẹ̀ padà fún un. Mo bá ìyá mi lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré. N kò mọ̀ pé n óò dé Houston kí n tún bá òwò yìí kan náà níbẹ̀, tí àwọn olówó ńláńlá ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n nítorí àwọn àgbà tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti ilé nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí wọ́n sì ń fi èjìká kọlu ara wọn, ni wọ́n ń pè ní football. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú NFL. Ní oṣù April ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí a máa ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ti yunifásítì jáde bọ̀. Draft ni wọ́n ń pe ètò náà, ìpele 7 ni ó sì ní. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa kéré jù ní sáà tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni yóò mú kẹ́yìn. Ó dà bí ìgbà tí a bá ní kí ọmọ tí ó rù jù nínú ilé kọ́kọ́ mú ẹran. Ẹgbẹ́ tí ipò àkọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ lè lò ó, ó sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, kí ó gba ipò méjì tàbí mẹ́ta tí ó rẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìdààmú wà. Ṣé kí á fi gbogbo ohun tí a ní ra ebè kan tí ewé rẹ̀ tutù jù ni, àbí kí á ra ebè mẹ́ta tí a kò fi bẹ́ẹ̀ yìn?

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ìṣàyàn yìí. Jay Berwanger ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú ṣáájú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ náà. Kò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú NFL títí ó fi kú. Ebè àkọ́kọ́ tí wọ́n rà pàá, wọn kò bá iṣu níbẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Houston ní ìdí tiwa tí ọ̀rọ̀ ẹni-àkọ́kọ́ fi máa ń dùn létí wa. Ọdún 1981 ni mo dé ìlú yìí. Nígbà náà, ọmọ wa kan láti Èkó, Hakeem Olajuwon, ti wà ní Yunifásítì Houston láti ọdún 1980. Basketball ni tirẹ̀, kì í ṣe football, ṣùgbọ́n ètò draft kan náà ni. Ní ọdún 1984, owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú láàárín Houston Rockets àti Portland. Ó já sí ti Houston, wọ́n sì mú Hakeem. Portland tí ó tẹ̀lé wọn mú Sam Bowie, ọmọ gíga tí ìpalára ẹsẹ̀ ti gba sáà méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Chicago tí ó ṣe ìkẹta mú Michael Jordan. Títí di òní ni wọ́n ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí ó fi Houston ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà fi Jordan sílẹ̀, nítorí pé Hakeem gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn ní 1994 àti 1995. Gbogbo wa ni a jáde ní ọdún méjèèjì yẹn tí a ń jó bí ẹni pé ìyá kan ni ó bí wa.

Ayọ̀ yẹn kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀kọ́ tí kò pé. A rò pé bí a bá ti rí ọmọ tí ó yẹ, kí á di gbogbo ẹrù lé e lórí, yóò sì gbé e délé.

Ẹ wo Houston Texans. Lẹ́yìn sáà 1996 ni Oilers kó kúrò ní ìlú yìí lọ sí Tennessee, a kò sì ní ẹgbẹ́ football kankan títí di 2002 tí Texans bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni David Carr, quarterback láti Fresno State, òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo draft ọdún náà. Wọ́n borí Dallas 19 sí 10 nínú ìdíje àkọ́kọ́ pàá, ìlú sì ń hó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun ni, kò sí àwọn tí yóò dáàbò bo quarterback náà. Ìgbà 76 ni wọ́n gbé ọmọkùnrin yìí ṣánlẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní sáà kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn NFL. Ní 2007 wọ́n ní kí ó máa lọ. Àwọn kan ní kò mọ bọ́ọ̀lù. Ìyá mi ì bá ti kọ́kọ́ tẹ̀ba láti fọwọ́ kan ilẹ̀ ebè náà. Kí ó tó wo ewé ni ó máa ń wo ilẹ̀, a sì máa sọ pé ilẹ̀ ni ó ń bí iṣu, ewé kàn ń jẹ́rìí ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó wá dá ìlú yìí sí méjì ni ti 2006. Ní sáà 2005, Texans gbá ìdíje 16, méjì péré ni wọ́n borí, nítorí náà àwọn ni yóò kọ́kọ́ mú. Vince Young wà nílẹ̀, ọmọ ìlú yìí gan-an tí ó ṣe sẹ́kọ́ńdírì ní Madison, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ fún Yunifásítì Texas ní January 4, 2006, nígbà tí wọ́n na USC 41 sí 38. Reggie Bush tún wà nílẹ̀, ọmọ USC, tí ó ń sáré bí ìgalà. Kò sí ilé ìgẹrun tàbí ilé oúnjẹ tí a dé ní Bissonnet tí wọn kò ti ń jiyàn lórí àwọn méjèèjì. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú draft ni a gbọ́ pé Mario Williams ni Texans mú, ọmọ NC State tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa lé quarterback ká. Ọdún 6, mílíọ̀nù dọ́là 54. Ìlú fárígá. Èmi náà wà nínú wọn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Bush lọ sí New Orleans. Vince Young lọ sí Tennessee, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ Oilers wa rí. Ní December 10, 2006, ó wá bá wa ní Houston níbí, ó sá yáàdì 39 nínú àfikún àkókò, ó sì fi borí wa 26 sí 20. Mo rántí pé n kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mario Williams ní tirẹ̀ gbé quarterback ṣánlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin àbọ̀ péré ní ọdún náà, nítorí pé wọ́n máa ń ka àbọ̀ nígbà tí ènìyàn méjì bá jọ gbé e. A ní a ti sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní 2007 ó di 14, ní 2008 ó di 12. Ní 2011 Tennessee jẹ́ kí Vince Young lọ. Bush gba ife-ẹ̀yẹ ní New Orleans ní sáà 2009, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún sọ pé Texans ya wèrè. Àwa tí a pariwo dákẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ ro ó bọ̀. Ewu inú kí á lo ipò gíga pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mo rí kà.

Èkíní ni ara. Ní 2014 Texans tún mú ẹni àkọ́kọ́, Jadeveon Clowney. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí ó gbá, ìdíje 4 péré ni ó sì gbá ní sáà náà. Ó padà di akọni lẹ́yìn ọdún bíi méjì. Kò sí dókítà tí ó lè rí ọjọ́ tí orúnkún yóò yẹ̀.

Èkejì ni ilẹ̀ tí a gbin ọmọ sí. Mo ti sọ ti Carr.

Ẹ̀kẹta ni iye tí ó ná wa. Ní 2010, St. Louis ṣe ìlérí mílíọ̀nù dọ́là 50 tí kò ní yẹ̀ fún Sam Bradford tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ní 2011 wọ́n yí òfin owó padà, mílíọ̀nù 22 sì ni ti Cam Newton fún ọdún 4. Ewu náà wá dín kù, kì í ṣe nítorí pé ojú àwọn olùṣàyàn là sí i, bí kò ṣe nítorí pé bí iṣu kò bá sí nínú ebè, ohun tí yóò ṣòfò kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbéraga ojú wa. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, yẹ ọ̀pọ̀ ọdún draft wò. Wọ́n ní bí a bá mú eléré kan, tí a sì fi í wé ẹni tí wọ́n mú tẹ̀lé e ní ipò iṣẹ́ kan náà, ìgbà 52 nínú 100 ni ẹni ìṣáájú máa ń ṣe dáadáa jù. Ẹ̀yin ará mi, owó ẹyọ tí a jù sókè náà yóò fún yín ní 50. Gbogbo ìwọ̀n gíga, gbogbo eré sísá, gbogbo àyẹ̀wò ní Indianapolis, ó fi 2 péré ju owó ẹyọ lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní àwọn ẹgbẹ́ ń san owó tí ó pọ̀ jù fún ipò gíga, àti pé ẹni tí ó bá fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ fún ipò tí ó pọ̀ sí i ni ó sábà máa ń jèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a kò yàn kò dákẹ́. Adewale Ogunleye, tí orúkọ rẹ̀ kò fi ara pamọ́ fún wa, farapa ní orúnkún ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ nínú draft 2000. Ní 2003 òun ni ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ jù nínú gbogbo AFC, ìgbà 15. Arian Foster wọ Texans ní 2009 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Ní 2010 yáàdì 1,616 ni ó sá, kò sì sí ẹlòmíràn nínú NFL tí ó sá tó bẹ́ẹ̀ ní sáà náà. Nígbà tí wọ́n mú J.J. Watt ní ipò 11 ní 2011, àwọn olólùfẹ́ Texans kan hó lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó padà gba oyè ẹni tí ó dára jù nínú àwọn adènà gbogbo NFL.

Kí ni ó wá kàn mí nínú gbogbo èyí? Ó kàn mí nítorí pé èmi náà jẹ́ ẹni tí a yàn.

Ní 1981, bàbá mi ní ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó ní ọmọkùnrin méjì tí ó jáde sẹ́kọ́ńdírì. Èsì ìdánwò àbúrò mi dára ju tèmi lọ, gbogbo ilé sì mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni àgbà, mo ga, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń wí fún bàbá mi pé ọmọ yìí yóò di ènìyàn ńlá. Owó ẹnìkan ni ó wà nílẹ̀. Bàbá mi ta ilẹ̀ náà, ó sì fi rán mi wá sí Houston láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà náà, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti 1982 ni ìjọba ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í há owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ wa lọ́wọ́. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iṣẹ́ sì di góòlù ní Houston níbí gan-an. Nígbà tí SAP dé ní 1986, kò pẹ́ tí ó fi di pé náírà mẹ́ta, mẹ́rin ni à ń wá fún dọ́là kan. Owó ilé dáwọ́ dúró. Mo fi ẹnjiníà sílẹ̀. Mo ṣọ́ ilé ìtajà lóru, mo wa takisí, mo fi ọdún mẹ́ta gbáko sá fún lẹ́tà bàbá mi. Ní 1991 ni mo tó gba ìwé-ẹ̀rí, ti ìṣirò owó, kì í ṣe ti ẹnjiníà. Ní ilé, àwọn ènìyàn ti ń sọ pé wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣòfò. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bú David Carr, ọkàn mi a máa dà rú, nítorí pé mo mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lójoojúmọ́ kí ìlú sì máa ka iye ìgbà.

Àbúrò mi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni ó kọ́ ilé tí ìyá wa gbé títí ó fi lọ. Òun ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru, òun ni ó pa á lójú dé. Nígbà tí mo lọ sin ìyá wa ní 2009, àwa méjèèjì jókòó sí iwájú ilé ní alẹ́ lẹ́yìn tí àlejò ti lọ tán. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ yan ara yín. Kò dùn mí pé Bàbá yàn yín. Ohun tí ó dùn mí ni pé lẹ́yìn tí wọ́n yàn yín tán, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè pé kí ni èmi náà fẹ́.” Ó wá sọ fún mi pé ìyá wa ti bẹ Bàbá ní 1981 pé kí ó pín owó náà sí méjì, kí àwa méjèèjì wọ yunifásítì ní ilé. Èmi kò gbọ́ èyí rí. Obìnrin tí kì í ra oko tán lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, a ti rí i kí ó gbà pé kí á fi ilẹ̀ kan ṣoṣo ra ọmọ kan ṣoṣo?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà wá sí Houston, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í tètè gbọ́n. Ní 2013, ọmọkùnrin mi pé ọdún 16, ó sì ń gbá football ní sẹ́kọ́ńdírì rẹ̀ ní Alief. Ó yára, ó lágbára, lẹ́tà sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn kóòṣì yunifásítì. Ọkùnrin kan tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré sísá wá bá mi, ó ní bí mo bá lè fi ọdún kan náwó sí i, ọmọ yìí yóò dé NFL. Mo ṣírò owó olùkọ́, owó ìrìnàjò àti ti ibùdó ìdánrawò, ó jẹ́ dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Gbogbo ohun tí a fi pamọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti mú fọ́ọ̀mù wálé láti yá owó lórí ilé. Mo ń ro Hakeem. Mo ń ro bí wọn yóò ti pe orúkọ wa lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọn kò sì ní lè pè é dáadáa.

Ìyàwó mi wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ní: “Ẹ má bínú o, ṣé ọmọ kan ni a bí ni? Ẹ̀yin tí ẹ sọ ti àbúrò yín fún mi tí ẹ ń sunkún.”

Mo pe ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún 14 nígbà náà, mo bi í pé kí ni òun fẹ́. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, ó rò pé òun ṣẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan nígbà ooru, ṣùgbọ́n òun kò sọ nítorí pé òun gbọ́ tí à ń ṣírò owó ẹ̀gbọ́n òun. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ya fọ́ọ̀mù náà. A pín ohun tí ó wà nílẹ̀. A rán ọmọkùnrin wa lọ sí ibùdó ìdánrawò kan dípò mẹ́rin, a sì rán ọmọbìnrin wa lọ sí ètò tirẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo rí bí ìtàn àlọ́. Ọmọkùnrin mi gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìdajì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan. Orúnkún rẹ̀ já ní ọdún kejì. Kò sí ẹni tí ó pè é nínú draft kankan. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, ó sì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin wa di nọ́ọ̀sì. Ní Thanksgiving kan tí kò tíì pẹ́, ọmọkùnrin mi wò mí, ó ní: “Dádì, bí ẹ bá ti náwó yẹn nígbà náà, bóyá n bá wà níbẹ̀.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. N kò rí èsì fún un. Bóyá òótọ́ ni. Àjọ NCAA tí ó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì fúnra wọn sọ pé nínú 100 agbábọ́ọ̀lù yunifásítì, àwọn tí ó ń dé NFL kò tó 2. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìdá ọgọ́rùn-ún dá ọmọ ẹni lóhùn. Mo kàn sọ fún un pé mo gbọ́. Ó dìde, ó bu ìrẹsì sí i fún mi.

Ẹ̀yin ará mi, n kò sọ pé ẹ má yan ẹnikẹ́ni o. Ní àwọn ìgbà mìíràn, ó yẹ kí á fi gbogbo agbára ra ebè kan. Ní 2023, Texans ní ipò kejì, wọ́n mú C.J. Stroud. Wọ́n tún kó ọ̀pọ̀ ipò tí wọ́n ní fún Arizona láti gba ipò kẹta ní ọjọ́ kan náà, wọ́n sì mú Will Anderson. Ọ̀pọ̀ ní wọ́n ti ná ju bí ó ti yẹ lọ. Ní òpin sáà náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n gba oyè ọ̀dọ́ tuntun tí ó dára jù, ọ̀kan ní ìhà ìkọlù, ọ̀kan ní ìhà ìdènà. Ẹgbẹ́ tí ó borí ìdíje 3 péré ní ọdún tí ó ṣáájú borí 10. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ó dá gbé e. Wọ́n ti tún ilẹ̀ ṣe fún Stroud ju bí wọ́n ti ṣe fún Carr lọ.

Bí ìyá mi bá dé oko, a ní kí àgbẹ̀ wa ebè mẹ́ta fún òun wò, ọ̀kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun oko níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. A fọwọ́ kan ilẹ̀. Kò ní ra igba ebè lọ́wọ́ ẹnìkan bí ó bá lè ra ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni méjì. Bí ó bá sì rà á tán tí iṣu kò dára, kì í bú iṣu. Kò sí iṣu tí ó pè é wá sí oko.

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣírò owó lóru nítorí ọmọ kan tí ó mọ bọ́ọ̀lù, tàbí tí ó mọ ìwé, tàbí tí ó mọ orin, ẹ ṣírò dáadáa. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ pe ọmọ kejì, ẹ bi í pé kí ni òun náà fẹ́. Ẹ má dúró títí di ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Kí Èdùmàrè dá àwọn ọmọ wa sí, ẹni tí a yàn àti ẹni tí a kò yàn. Ire o.